Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó: Ìtàn Darandaran Alálàá àti Èrò Àwọn Tí Ó Kà Á

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, yálà ẹni tí ó jókòó sílé ni o, tàbí ẹni tí ó ti rìn dé ìlú Jos àti ìlú Sókótó fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1988, ọkùnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá, Paulo Coelho, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì, kọ ìwé kékeré kan ní èdè Potogí tí ó dàbí ẹni pé òwe yìí ni ó jókòó tì tí ó ń tú u wò. Orúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni The Alchemist. Ìtumọ̀ èyí ni ẹni tí ó mọ ọgbọ́n àtisọ òjé di wúrà. Wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè tí ó lé ní 80, àwọn tí ó sì ti rà á káàkiri ayé kò lóǹkà.

Bí òkìkí ìwé yìí ti kàn tó, ẹnu àwọn tí ó kà á kò kò. Àwọn kan ń fi í ta ọmọ tí ó bá jáde ilé-ìwé lọ́rẹ, wọ́n ní ó la àwọn lójú. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ dídùn tí kò ní eegun nínú ni. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ní ó léwu. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni yóò bá pàdé, nígbà tí ó bá ń yan ọ̀nà tirẹ̀, àti nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá wá fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la lọ̀ ọ́. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó fi ohun gbogbo sílẹ̀, kí ó máa lépa ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí? Bí ó bá sì lépa rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò bá a ru ẹrù náà?

Ìtàn náà ní ṣókí

Santiago ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Darandaran ni ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Sípéènì. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó di àlùfáà, ṣùgbọ́n ìrìnàjò ni ọkàn rẹ̀ fẹ́, ó sì yan àgùntàn dídà nítorí pé darandaran a máa rìn. Ó sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ahoro kan, lábẹ́ igi tí ó hù níbẹ̀, ó sì lá àlá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pé ọmọdé kan mú òun lọ sí ibi àwọn píráḿídì ilẹ̀ Íjíbítì, pé ìṣúra wà níbẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn èyí ni ó pàdé arúgbó kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Melkisédékì, ọba Sálẹ́mù. Arúgbó náà sọ fún un pé iṣẹ́ kan wà tí olúkúlùkù wá ṣe láyé. Ó ní ẹni tí ó bá fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ náà kì í dá a ṣe, nítorí àwọn agbára tí ojú kò rí yóò máa la ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Santiago ta àgùntàn rẹ̀, ó sọdá sí Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò. Kété tí ó débẹ̀ ni olè kó gbogbo owó rẹ̀ lọ. Ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tí ń ta ohun èlò gíláàsì, ó sì lò tó ọdún kan níbẹ̀. Ó bá àwọn oníràkunmí la aṣálẹ̀ kọjá, ó pàdé ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Fatima, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó lè parí ìrìnàjò rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi píráḿídì tí ó ń gbẹ́lẹ̀, àwọn ọlọ́ṣà lù ú bí ẹní máa kú. Ọ̀kan nínú wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun náà ti lá irú àlá bẹ́ẹ̀ rí, pé ìṣúra wà lábẹ́ igi nínú ṣọ́ọ̀ṣì ahoro kan ní ilẹ̀ Sípéènì, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe òmùgọ̀ tí yóò torí àlá la aṣálẹ̀ kọjá. Santiago rẹ́rìn-ín. Ó padà sílé, ó gbẹ́ ibi tí ó ti sùn lọ́jọ́ kìíní, ó sì bá àpótí tí wúrà kún inú rẹ̀.

Kì í ṣe Coelho ni ó dá ìpìlẹ̀ ìtàn yìí sílẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ nípa ọkùnrin ará Bagdad kan tí àlá rán lọ sí Cairo. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ọ́ nípa alájàpá ìlú Swaffham tí ó lọ dúró lórí afárá London, àwọn Júù sì ń sọ ọ́ nípa ọkùnrin ará Krakow tí ó lọ sí Prague. Ohun tí Coelho fi kún un ni ẹ̀kọ́ tí ó ti ẹnu arúgbó ọba yẹn jáde. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ó sì dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwọn òǹkàwé.

Àwọn tí ó yìn ín

Àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé náà ní ẹ̀rù ni ó ń pa ẹ̀bùn ènìyàn, kì í ṣe àìrówóná nìkan. Wọ́n a máa tọ́ka sí oníṣòwò gíláàsì tí Santiago bá ṣiṣẹ́. Láti ìgbà èwe ni ọkùnrin yìí ti ń fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ó ní owó, ọ̀nà sì là, ṣùgbọ́n kò lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá lọ tí òun bọ̀, kò ní sí ohun tí òun yóò tún máa retí láyé mọ́. Àwọn òǹkàwé wọ̀nyí ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n mọ̀. Wọ́n a tún máa rántí ìgbésí ayé òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó di òǹkọ̀wé, wọ́n tilẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó ti tó bí ọmọ ogójì ọdún kí ó tó kọ ìwé tí ó sọ ọ́ di olókìkí.

Ìyìn yìí kò ṣòro láti yé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Mélòó nínú wọn ni ẹbí kò ti bi léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi Yorùbá ṣe, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ òfin? Bí ó bá tún jẹ́ ní Jos ni ọmọ náà wà, níbi tí Hausa ti jẹ́ èdè ọjà, tí Bẹ̀róòmù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè mìíràn sì jẹ́ èdè onílẹ̀, ìbéèrè náà a máa le sí i. Ìwé tí ó bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ohun tí ó fẹ́ kì í ṣe ẹ̀gàn ti fún un ní ohun tí kò rí gbà nílé.

Wọ́n tún ní ìdáhùn fún àwọn tí ó bá ní Santiago ì bá ti jókòó sílé, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ilé ni ìṣúra wà. Wọ́n ní ẹni tí kò lọ sí Sókótó kò lè mọ̀ pé àpò ṣòkòtò ni nǹkan wà. Ẹnu ọlọ́ṣà tí ó lù ú ní Íjíbítì ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun.

Àwọn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú

Àwọn òǹkàwé kejì kò sẹ́ pé ìgboyà dára. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí ìtàn náà lọ́rùn jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní, wọ́n ní ẹni tí ó rí wúrà nìkan ni ó ń padà wá sọ ìtàn. Àwọn tí ó kú sínú aṣálẹ̀ kò kọ ìwé. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá lá àlá ìṣúra tí ẹnì kan ṣoṣo sì rí i, ìtàn ẹni kan náà ni ayé yóò máa gbọ́, wọn yóò sì rò pé ọ̀nà tí ó tọ̀ ni ó mú un débẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní Santiago kò ní ẹrù lọ́rùn. Bàbá rẹ̀ fún un ní owó wúrà mẹ́ta nígbà tí ó ń lọ. Àgùntàn rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ó sì lè tà wọ́n. Kò sí àbúrò tí ń retí owó ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ìyá tí àìsàn dá gúnlẹ̀. Ẹ wá fi í wé àkọ́bí ilé kan tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kí ó tó lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ta àgùntàn, ti ta ni ó tà?

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù lọ. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé gbogbo ayé ń la ọ̀nà fún ẹni tí ó fẹ́ nǹkan tọkàntọkàn, a jẹ́ pé ẹni tí ọ̀nà kò là fún kò fẹ́ ẹ tó. Ẹ̀kọ́ tí ó dàbí ìtùnú fún aláṣeyọrí di ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tí nǹkan bàjẹ́ fún. Ó pàdánù owó, wọ́n tún ní ọkàn rẹ̀ ni kò dúró.

Àwọn kan tún wò ó láti ìhà ẹ̀sìn. Àwọn onígbàgbọ́ kan kò fẹ́ràn bí a ti sọ orúkọ Melkisédékì àti òkúta Úrímù òun Túmímù, tí ó wà nínú Bíbélì, di ohun tí ọ̀dọ́ fi ń wá àmì kiri. Àwọn mìíràn, Mùsùlùmí àti Kristẹni, rán àwọn ènìyàn létí Jósẹ́fù, ẹni tí ẹ̀sìn méjèèjì mọ̀. Jósẹ́fù lá àlá, ṣùgbọ́n kò sá tẹ̀lé e. Inú kànga ni wọ́n jù ú sí, wọ́n tà á lẹ́rú, ó ṣe ẹ̀wọ̀n, nígbà tí àlá náà sì ṣẹ, oúnjẹ ni ó fi fún àwọn tí ebi ń pa, pẹ̀lú àwọn arákùnrin tí ó tà á. Nínú ìtàn Santiago, wúrà náà ti ẹnì kan ni.

Àwọn obìnrin tí ó ka ìwé náà ní ẹjọ́ tiwọn pẹ̀lú. Wọ́n béèrè ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí Fatima wá ṣe láyé. Ìtàn náà fi yé ni pé kí ó dúró lẹ́bàá kànga, kí ó máa retí ọkùnrin tí ó lọ. Ọ̀kan ń rìn, èkejì ń dúró, ẹni tí ó dúró kò sì ní ìṣúra kankan tí ó lá àlá rẹ̀.

Àlá kì í ṣe ìfẹ́ ọkàn

Ó yẹ kí á yẹ èdè wò níhìn-ín. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun tí ènìyàn rí lójú oorun àti ohun tí ó ń fẹ́ dà láyé. Yorùbá kò pa méjèèjì pọ̀. Àlá ni ti ojú oorun. Ti ojú ayé, Yorùbá ní ìfẹ́ ọkàn, èrò, ìpinnu, ìrètí. Àlá a máa wá sọ́dọ̀ ènìyàn láìpè, kò sì sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún un. Bí ó bá sì rú ènìyàn lójú, ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀. Ìpinnu ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì gbọdọ̀ lè dáhùn fún un. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí bá ń sọ pé àwọn ń lépa àlá àwọn, wọ́n ń fún ìfẹ́ ọkàn ní ọlá ohun tí ó ti òkè wá, kò sì sí ẹni tí ó tún lè bá wọn jiyàn. Apá kan nínú agbára ìwé náà wá láti inú àdàlù yìí.

Ẹ̀rí ìlú Jos

Kò sí ìdí láti lọ sí Íjíbítì kí a tó dán ẹ̀kọ́ yìí wò. Orí òkè tí ó ga ju 1,200 mítà lọ ni ìlú Jos wà, ìfẹ́ ìṣúra inú ilẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ di ìlú ńlá. Tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ni àwọn òyìnbó wá wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ojú irin kékeré dé Bukuru ní 1914. Ojú irin ńlá gba Kafanchan dé Jos ní 1927. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n tọ òwò àti iṣẹ́ ìjọba wá. Èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé àwọn yóò ṣe é fún ọdún díẹ̀, kí àwọn tó padà sílé lọ kọ́lé. Leonard Plotnicov, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ní Jos, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1967.

Àwọn kan rí ohun tí wọ́n wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbẹ́lẹ̀ ní òkè yìí ni ọkàn tirẹ̀ rán. Láàárín 1942 sí 1944, nígbà tí àwọn ará Japan ti gba Maláyà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá tánganran lójú méjèèjì fún ogun, wọ́n fi tipátipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ láti àwọn ẹkùn Àríwá wá ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà. Àìsàn àti ebi pa púpọ̀ nínú wọn. Ìfẹ́ ọkàn ẹlòmíràn ni ó gbẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni oko àwọn Bẹ̀róòmù, tí wọ́n fi ń jẹun kí tánganran tó dé ọjà London, di kòtò. Kòtò wọ̀nyí ṣì wà ní agbègbè Bukuru àti Barkin Ladi títí di òní, omi kún inú wọn. Ìwé Coelho sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹni tí ń gbẹ́lẹ̀ wá ìṣúra. Kò sọ nípa ẹni tí ó ni oko tí wọ́n gbẹ́.

Ní oṣù October 1985, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ó ń gbé iye owó tánganran ró kò rí gbèsè rẹ̀ san mọ́, owó tánganran sì já wálẹ̀ lójijì. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ orí òkè Jos ni kò fẹ́ ẹ tó ní oṣù náà. Ní oṣù February 2002, iná jó Ọjà Ńlá Jos, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sì di eérú láàárín àkókò díẹ̀. Ní ilẹ̀ Ghana pẹ̀lú, ní oṣù November 1969, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìran dé ìran sì padà wálé pẹ̀lú ohun tí orí wọn lè rù. Àwọn wọ̀nyí ní ìgboyà, wọ́n sì forí tì í. Ayé kò gbìmọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Síbẹ̀, òkè kan náà jẹ́rìí fún ìtàn náà lọ́nà kan tí ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1928, níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran ní abúlé Nok, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Jos, wọ́n hú ère amọ̀ kan jáde. Ní 1943, wọ́n tún rí orí ère kan ní agbègbè Jẹmáà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ní in lọ́wọ́ ti fi í ṣe aṣọ́komásùn nínú oko iṣu, kí ó máa lé ẹyẹ, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg. Ó wá hàn pé ère wọ̀nyí ti lé ní 2,000 ọdún, wọ́n sì wà lára ohun tí a torí rẹ̀ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos ní 1952. Àwọn tí ń wá tánganran ni wọ́n hú u jáde láìwá a. Ẹni tí ó ní ìṣúra nínú oko rẹ̀ fi í dẹ́rù ba ẹyẹ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwákiri nìkan kò tó. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ tí yóò dá ohun tí a rí mọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdáhùn inú ìtàn Yorùbá

Yorùbá ní ìtàn ìrìnàjò tirẹ̀. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Àkàrà-Ògùn lọ sí igbó lẹ́ẹ̀mejì fún ara rẹ̀. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọba ni ó rán an lọ sí Òkè Láńgbódó, ire ìlú ni ó sì bá lọ. Kò dá lọ. Kàkó, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn akọni mìíràn bá a lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Fágúnwà kò sì fi iye tí ìrìnàjò náà ná àwọn ará ilé pamọ́. Obìnrin tí Kàkó ń bá gbé dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ, Kàkó sì pa á kí ó lè tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun búburú ni, kò sì sí òǹkàwé tí ó lè gbójú fò ó. Coelho mú kí Fatima dúró; Fágúnwà jẹ́ kí á rí ẹ̀jẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ti Fágúnwà sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ tí ilé kò mọ̀ ọ́n lára.

Ìtàn kejì ni ti Ifá nípa bí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ṣe yan orí. Oríṣeékú, ọmọ Ògún, àti Orílèémèrè, ọmọ Ìjà, lọ tààrà sí ilé Àjàlá alámọ̀. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n sì fi ojú yan orí tí ó rẹwà. Orí náà kò jiná dénú. Òjò pa wọ́n lọ́nà ilé ayé, orí sì ń ṣá. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, kọ́kọ́ yà lọ kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, ó rú ẹbọ. Nígbà tí ó dé ilé Àjàlá, ó bá olówó-èlé tí ó wá sin gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a yan orí tí kò ní àbùkù.

Nínú ìtàn yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fẹ́ orí rere. Ìfẹ́ wọn dọ́gba. Ohun tí ó ya Afùwàpẹ́ sọ́tọ̀ ni pé ó gba ìmọ̀ràn, ó sì san gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ó tó béèrè ohun tí ó fẹ́. Yorùbá kò sì fi orí nìkan sílẹ̀ láti dá ṣe é. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn, ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ìwà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n ṣì mọ̀ pé nǹkan lè má rí bí a ti rò. Ìdí nìyí tí Yorùbá kì í fi yára dá ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ lẹ́bi. Wọ́n lè ní orí kò gbè é, wọ́n a sì tún bá a bẹ orí náà.

Ibi tí ìdájọ́ lè dúró sí

Àwọn tí ó yìn ìtàn darandaran yìí rí òtítọ́ kan. Ẹ̀rù ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di oníṣòwò gíláàsì tí kò dé Mẹ́kà, olùkọ́ tí ó bá sì fi ìfẹ́ ọkàn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ti ṣe é níbi. Àwọn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú náà rí òtítọ́, òtítọ́ tiwọn ni ó sì yẹ kí ó wúwo jù lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa gba ọ̀dọ́ níyànjú. Ẹni tí ó ní kí ọmọ tẹ̀lé ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà á níyànjú. Ó kù kí ó bi í pé àgùntàn ta ni ó fẹ́ tà, oko ta ni ó fẹ́ gbẹ́, ta ni yóò dúró lẹ́bàá kànga nígbà tí òun bá lọ, àti pé ta ni ó ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Bí ọmọ náà bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí láìpurọ́, tí ó ṣì fẹ́ lọ, kí wọ́n súre fún un.

Ìbéèrè kan kù tí kì í ṣe ti ọmọ náà. Ti ilé ni. Santiago padà sí ṣọ́ọ̀ṣì ahoro. Wúrà ni ó bá níbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ti Ghana dé ní 1969 kò ní wúrà, ṣùgbọ́n wọ́n bá àwọn tí ó kí wọn kú àbọ̀, tí ó fún wọn ní yàrá, tí wọn kò sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ nǹkan náà tó. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹbí àti ilé-ìwé tí ó bá lè gba ẹni tí ó ṣòfò padà láìdá a lẹ́bi ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ọ̀dọ́ pé kí ó lọ. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wà, a jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú àpò ṣòkòtò ní tòótọ́, yálà ọ̀nà Sókótó là tàbí kò là.